Kí Gbèsè Tẹlifíṣọ̀n Má Pẹ́ Ju Tẹlifíṣọ̀n Lọ

Ọ̀rọ̀ ìlanilọ́yẹ̀ tí a bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé àpapọ̀

  

Ẹ ti béèrè lọ́wọ́ àwa alábẹ̀wò pé kí a wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ máa ń torí rẹ̀ tọrọ ẹ̀yáwó bí ọdún bá ń parí lọ, èyí ni tẹlifíṣọ̀n. Ẹlòmíràn lè sọ pé, kí ló kan alábẹ̀wò ìwé owó nínú ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n? Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìtàn kan la ó fi ṣàlàyé rẹ̀. A kò ní dárúkọ ìlú, a kò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́, nítorí kì í ṣe láti dójú ti ẹnikẹ́ni la ṣe ń sọ ọ́.

Ìtàn Tẹlifíṣọ̀n 36

Ẹgbẹ́ kan wà lára àwọn tí a máa ń bẹ̀ wò. Tíṣà, oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ìparí ọdún kan, ìgbìmọ̀ wọn pinnu láti ra tẹlifíṣọ̀n olójú íńṣì 32, mẹ́rìndínlógójì, fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́, kí wọ́n máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún oṣù 24. Oníṣòwò mẹ́ta ló dá iye lé e. Ìgbìmọ̀ mú ẹni tí iye tirẹ̀ kéré jù lọ. Kò sí ẹni tó gbọ́ orúkọ tó wà lára páálí náà rí, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà gàdàgbà tó wà níwájú rẹ̀ dùn ún kà. Wọn kò tú páálí kankan wò ní ṣọ́ọ̀bù. Rìsíìtì tí wọ́n gbà kọ "tẹlifíṣọ̀n 36", kò kọ irú èyí tó jẹ́, kò sì kọ nọ́ńbà ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí pé owó tí a bá ti san kò ṣe é gbà padà.

Ọdún dùn. Ní oṣù kọkànlá, ọ̀kan nínú wọn ṣe àìsàn. Ohùn ń jáde, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri. Kí oṣù kẹrìnlá tó pé, mẹ́tàdínlógún ti dà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó rà á wá sí ìpàdé, wọ́n ní, "A kò lè máa sanwó òkú." Wọ́n dáwọ́ owó sísan dúró.

Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ náà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló ṣe onídùúró fún méjì nínú àwọn tó rà á. Ìyá yìí kò ra tẹlifíṣọ̀n kankan ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí òfin ẹgbẹ́, owó ìfipamọ́ rẹ̀ ni a há mọ́lẹ̀ nígbà tí àwọn tó dúró fún kò san mọ́, ní oṣù náà gan-an tó fẹ́ gbà á láti fi tún òrùlé ilé rẹ̀ ṣe. Ọjọ́ tí a lọ yẹ ìwé wò, ìyá yìí wò wá lójú, ó ní, "Ènìyàn ni mo dúró fún. N kò mọ̀ pé tẹlifíṣọ̀n ni mo dúró fún."

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Àwa náà jẹ nínú ẹ̀bi yìí. Ìwé ìpinnu ìgbìmọ̀ kọjá lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó ra ọjà. A wò ó bóyá ìṣirò pé, bóyá àwọn tó yẹ kí wọ́n fọwọ́ sí i ti fọwọ́ sí i, bóyá iye oníṣòwò mẹ́ta wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé, a sì lu òǹtẹ̀. A wo iye owó, a kò wo ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó rà. Láti ọjọ́ náà la ti ń lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, tí a ń béèrè ọ̀rọ̀, tí a ń wo inú ẹ̀rọ tí wọ́n tú. Ohun tí a kọ́ níbẹ̀ la gbé wá fún yín.

Èwo Ni Pọ́ọ́kú?

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé tẹlifíṣọ̀n pọ́ọ́kú ni èyí tí iye rẹ̀ kéré jù lọ́jọ́ tí a rà á. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ kan jẹ́ 180,000 náírà, ó sì bàjẹ́ pátápátá lẹ́yìn oṣù 18. Bí ẹ bá pín in, 10,000 náírà ló ná yín lóṣù kan. Ká ní òmíràn jẹ́ 288,000 náírà, ó sì lo ọdún 6, èyí tí í ṣe oṣù 72. 4,000 náírà péré ló ná yín lóṣù kan. Èyí tó dà bí ẹni pé ó wọ́n lọ́jọ́ ọjà gan-an ni pọ́ọ́kú.

Kò tán síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé oṣù 24 lẹ fi ń san owó ẹ̀rọ àkọ́kọ́, oṣù 6 ni yóò ṣẹ́ kù lọ́rùn yín nígbà tí ẹ̀rọ bá kú. 45,000 náírà nìyẹn, láìtíì ka èlé. Àpẹẹrẹ lásán ni àwọn iye wọ̀nyí, nítorí iye ọjà ń yí padà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìṣirò rẹ̀ kò yí padà. Nítorí náà, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí a sọ lónìí, ẹ má gbàgbé èyí: ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ pẹ́ ju gbèsè rẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọbẹ̀ tó gba owó ló dùn. Ẹ jẹ́ ká wo bí a ó ṣe tọ́ ọ wò kí a tó sanwó.

Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Gíláàsì

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, àpótí ńlá tó wúwo, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ, ni tẹlifíṣọ̀n. Àwọn àgbà tó wà níbí rántí bí wọ́n ti ń rọ́ sí ojú fèrèsé ẹni tó bá ní in ládùúgbò láti wo eré Aláwàdà.

Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ òde òní kò rí bẹ́ẹ̀ nínú. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́jà, gíláàsì ojú rẹ̀ kò ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Ẹ̀yìn gíláàsì náà ni wọ́n to àwọn iná LED kéékèèké sí lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ìmọ́lẹ̀ wọn ló ń la gíláàsì kọjá kí a tó rí àwòrán. Bí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ bá fẹ́ dín ìnáwó kù, á dín iye iná náà kù, á sì fi agbára púpọ̀ tan ìwọ̀nba tó kù kí ojú ẹ̀rọ lè mọ́lẹ̀. Ooru á máa mú wọn. Bí ẹyọ kan bá jó nínú àwọn tí wọ́n so kọ́ra wọn, gbogbo wọn lè kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń jáde tí a kò sì rí àwòrán. Ohun tó pa tẹlifíṣọ̀n mẹ́tàdínlógún tí a sọ lẹ́ẹ̀kan nìyẹn.

Ohun kejì tó máa ń tètè bàjẹ́ ni pátákó tó ń gba iná wọlé. Iná ẹ̀yìn àti pátákó iná, méjèèjì ló ṣe é pààrọ̀ bí ẹ̀yà wọn bá wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n bí gíláàsì ojú ẹ̀rọ bá fọ́, owó tí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹ̀rọ tuntun, wáráńtì kì í sì í sábà bo gíláàsì tó fọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ sí ọjà, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ládùúgbò yín. Ẹ má kàn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé èwo ló dára. Ẹ bi í pé èwo ni wọ́n ń gbé wá jù, kí ló ń ṣe é, èwo ló sì ń rí ẹ̀yà rẹ̀ rà. Ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀yà lọ́jà, bó ti wù kí ó wù yín tó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Bí A Ṣe Ń Yẹ Àwòrán Wò

Èkíní, ẹ wọn yàrá yín. Íńṣì tí wọ́n ń pè, láti igun ìsàlẹ̀ apá kan sí igun òkè apá kejì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Íńṣì 32 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 81, íńṣì 43 sì jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 109. Bí àga yín bá fi mítà kan àbọ̀ sí méjì jìnnà sí ẹ̀rọ, íńṣì 32 ti tó yín. Bí ó bá jẹ́ mítà méjì sí méjì àbọ̀, ẹ lè ronú nípa 43. Kí ẹ má tìtorí àlejò ra èyí tí yóò gba gbogbo ògiri.

Èkejì, ẹ mọ bí àwòrán ṣe kúnná tó. Àmì tín-ín-tìn-ìn-tín tó jókòó ti ara wọn ló ń di àwòrán, bí òwú tó ń di aṣọ. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ olójú íńṣì 32 ní àmì 1366 ní ìbú àti 768 lóòró. Èyí tí wọ́n ń pè ní Full HD ní 1920 ní ìbú àti 1080 lóòró. Èyí tí wọ́n ń pè ní 4K ní 3840 ní ìbú àti 2160 lóòró. Lóòótọ́, bí òwú bá ti pọ̀ tó ni aṣọ ṣe ń kúnná tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ní mítà méjì sí ẹ̀rọ olójú íńṣì 32 kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ wọn. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń wò kò bá sì fi àwòrán 4K ránṣẹ́, owó tí ẹ san lé e kò fi bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ tí yóò ṣe. Ẹ má gba lẹ́tà gàdàgbà iwájú páálí gbọ́. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Resolution" sí, kí ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tàn yín jẹ. Àwọn ọlọ́jà sábà máa ń gbé ẹ̀rọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní "Vivid" tàbí "Dynamic", kí àwọ̀ lè máa tàn yanran. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sí "Standard". Lẹ́yìn náà, ẹ fi fídíò tí ẹ gbé láti ilé yẹ ẹ́ wò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí eré òru wà nínú rẹ̀: ibi tó dúdú gbọ́dọ̀ dúdú, kò gbọ́dọ̀ rí bí eérú, síbẹ̀ kí ẹ máa rí ohun tó wà nínú òkùnkùn náà. Ẹ jẹ́ kí ojú àwọn ènìyàn wa wà nínú rẹ̀: bí ojú ènìyàn dúdú bá pọ́n bí ẹni tó kun osùn, tàbí tí ó di ẹyọ̀kan ṣoṣo tí a kò rí ìlà ojú mọ́, àwọ̀ ẹ̀rọ náà kò pé. Ẹ jẹ́ kí ojú ewé funfun kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: àbàwọ́n, igun tó ṣókùnkùn, tàbí àmì kan tí kò tàn yóò hàn lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí àwòrán wọn máa ń ṣá bí ẹ bá ti kúrò ní iwájú gan-an. Nínú ilé tí ènìyàn mẹ́jọ ti ń wo tẹlifíṣọ̀n, ta ni yóò jókòó síwájú, ta ni yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́?

Ẹ̀karùn-ún, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ tẹ gbogbo rìmóòtù, kí ẹ sì ki nǹkan bọ gbogbo ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ó lè gba ìkànnì olóríṣi tuntun tí wọ́n ń pè ní DVB-T2 fúnra rẹ̀, nítorí òun ni orílẹ̀-èdè wa yàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Jos ní ọdún 2016, ó dé Òṣogbo ní 2018, ó sì dé Èkó ní 2021. Ní ti èyí tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí kò bá ní owó dátà lóṣooṣù kò nílò láti sanwó lé e.

Iná Wa àti Ẹ̀rọ Wa

Ẹ yí ẹ̀rọ padà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Iná wa jẹ́ 230 fóltì ní orúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ bó ṣe ń lọ sókè sódò. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ "100-240V" sí lẹ́yìn lè fara da iná tó lọ sílẹ̀ ju èyí tí wọ́n kọ "220-240V" sí lọ. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè fara da iná tó bá rọ́ wọlé lójijì bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un dé. Ẹ ka owó sítébíláísà, tàbí ti ẹ̀rọ kékeré tó ń dá iná dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ títí yóò fi rọlẹ̀, mọ́ owó tẹlifíṣọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní owó méjèèjì, kò tíì ní owó tẹlifíṣọ̀n.

Ibẹ̀ náà lẹ ó ti rí iye wáàtì rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ wáàtì 50, tí ẹ sì ń wò ó fún wákàtí márùn-ún lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rin ni yóò fi jẹ ẹyọ kan lórí mítà iná yín. Èyí tó bá jẹ́ wáàtì 100, ọjọ́ méjì ni.

Bí ẹ bá ti gbé e dé ilé, ẹ dín iná ẹ̀yìn rẹ̀ kù nínú ètò tí wọ́n kọ "Backlight" sí. Kò sí ẹni tó nílò ìmọ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù nínú yàrá. Ooru yóò dín kù, ẹ̀mí iná LED yóò sì gùn sí i. Ẹ má fi aṣọ bo ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí òjò bá ṣú tí àrá ń sán, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, kí ẹ sì yọ okùn áńtẹ́nà pẹ̀lú. Ẹ má da omi sí i lójú láti nù ún. Aṣọ rírọ̀ gbígbẹ ti tó.

Ọ̀rọ̀ Tòkunbọ̀

A kò ní kí ẹ má ra tòkunbọ̀, àwọn kan wà nínú wọn tó lágbára ju tuntun lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi í léèrè ibi tó ti wá. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà lè jẹ́ ti 120 fóltì nìkan. Ọjọ́ tí ẹ bá kì í bọ iná wa láìsí ẹ̀rọ tó ń dín iná kù ni yóò jó. Bí kò bá tilẹ̀ jó, ọ̀nà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbà fi àwòrán ránṣẹ́ yàtọ̀ sí tiwa, yóò fẹ́ dikódà kí ó tó rí nǹkan gbà. Ti ìlú Ọba bá iná wa mu, ṣùgbọ́n láyé ijọ́hun, àwọn alápòótí tó ń tibẹ̀ wá máa ń fi àwòrán hàn láìsí ohùn títí wọn yóò fi tún un ṣe, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ohùn ránṣẹ́ yàtọ̀ sí tiwa. Ẹ ò rí i pé ọjà òkèèrè nílò ìbéèrè.

Ojúṣe Ìgbìmọ̀

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni kan ṣoṣo kò lè sọ fún oníṣòwò pé kí ó tú páálí, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó fẹ́ ra ọgbọ̀n lè sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun márùn-ún la fẹ́ kí ìgbìmọ̀ máa ṣe.

Kí ìgbìmọ̀ ra ẹyọ kan tàbí méjì ṣáájú, kí wọ́n gbé e sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, kí ó ṣiṣẹ́ fún oṣù kan lójú gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó ra ìyókù.

Kí ẹni kan tó mọ iṣẹ́ àtúnṣe bá wọn lọ sí ọjà, kí ẹgbẹ́ sì sanwó iṣẹ́ rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí oníṣòwò mú wá.

Kí rìsíìtì kọ orúkọ, irú, àti nọ́ńbà ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ nọ́ńbà náà sí iwájú orúkọ ẹni tó gbà á nínú ìwé ẹgbẹ́.

Kí wáráńtì wà ní kíkọ, kí ó sì sọ ẹni tí yóò tún un ṣe àti ibi tó wà. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ọjà wò, ó sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí kò yẹ padà. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí gbólóhùn ìsàlẹ̀ rìsíìtì pa yín lẹ́nu mọ́.

Èyí tó gbẹ̀yìn ló ṣe pàtàkì jù: kí àkókò ẹ̀yáwó má gùn ju àkókò wáráńtì lọ. Bí wáráńtì bá jẹ́ oṣù 12, oṣù 12 ni kí ẹ fi san owó náà tán. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé e, kí ó kọ́kọ́ fi owó pamọ́ fún oṣù mẹ́fà, kí owó tí yóò yá lè kéré.

Bí Ọ̀rọ̀ Ẹgbẹ́ Náà Ṣe Parí

Ẹ ó fẹ́ gbọ́ ìgbẹ̀yìn ìtàn wa. Wọ́n gbé àwọn ẹ̀rọ mẹ́tàdínlógún náà lọ fún àtúnṣe. Mọ́kànlá jí, nítorí wọ́n rí iná LED tó bá wọn mu. Wọn kò rí ẹ̀yà fún mẹ́fà. Ìpàdé gbogbogbòò pinnu pé èrè tó yẹ kí wọ́n pín lọ́dún náà ni kí wọ́n fi san owó àtúnṣe àti àjẹkù gbèsè àwọn mẹ́fà wọ̀nyí. Àwọn tí kò ra nǹkan kan kùn, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kùn. Ìyá tó ṣe onídùúró gba owó rẹ̀, ṣùgbọ́n òjò ọdún kan ti rọ̀ sínú ilé rẹ̀ kí ó tó gbà á. A lọ kí i. Kò bá wa jà. Ó ní kí a ṣáà máa sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ yòókù.

Ìdí tí a fi dúró níwájú yín lónìí nìyẹn. Láti ìsinsìnyí lọ, bí ìwé ìpinnu láti ra ọjà bá dé ọ̀dọ̀ wa, a ó béèrè pé, "Ẹ ti rí i? Ẹ ti tàn án? Ta ni yóò tún un ṣe?" kí a tó lu òǹtẹ̀. Ẹ má bínú sí wa lọ́jọ́ náà. Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ìgbìmọ̀, kì í ṣe owó alábẹ̀wò. Owó ẹni tó ń kó ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan jọ láti fi kan òrùlé ni.

 Ẹgbẹ́ wa yóò máa ga sí i, ohun tí a bá fi òógùn wa rà yóò pẹ́ lọ́wọ́ wa.